Bí Ilé Ọ̀ṣun Kan Ṣe Múra Ìrìn Ọjọ́ Kan sí Omi Yosemite

Omi tó ń já bọ́ láti orí òkè ní Yosemite, ní ìpínlẹ̀ California, ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2,425, ìyẹn mítà 739. Ìpele mẹ́ta ló fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ìpele òkè nìkan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,430; ti àárín ń fi ara pamọ́ sínú àpáta ní ẹsẹ̀ bàtà 675; ti ìsàlẹ̀, tí gbogbo ayé ń lọ ya fọ́tò ní iwájú rẹ̀, jẹ́ 320. Láti Oakland, bíi wákàtí mẹ́rin ni ọkọ̀ máa ń rìn dé ibẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀ṣun ló wà ní agbègbè yẹn tí kò tíì dé ibẹ̀ rí. Odò kékeré tó wà lẹ́yìn páàkì àdúgbò ni wọ́n ń lò, èyí tí ajá ń mu nínú rẹ̀, tí àwọn ọmọdé sì ń ju ike sí. Ọ̀ṣun kì í kọ̀ ọ́. Àmọ́ bí ẹ̀jẹ́ bá wúwo, ọkàn ẹni a máa wá omi tó tóbi tó o.

Ẹ̀jẹ́ tí Ìyá kan ní Oakland jẹ́ wúwo. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Ìyá, ẹni ọdún 68, inú ilé Ọ̀ṣun ni wọ́n sì bí wọn sí. Ọmọ wọn obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti pàdánù oyún mẹ́ta tẹ̀léra. Nígbà tí ó lóyún ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, Ìyá kúnlẹ̀ lóru níwájú ojúbọ tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé wọn, wọ́n bá Ọ̀ṣun sọ̀rọ̀: bí èyí bá dúró, tó wá sáyé, tó sì pé ọdún méje, àwọn yóò gbé e lọ dúpẹ́ níbi tí omi gbé tóbi jù ní ilẹ̀ tí àwọn ń gbé. Oyún náà dúró. Obìnrin ló jẹ́. Bí ọmọ náà ti ń dàgbà, ìyá rẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ti di ìgbàgbé. Ìyá ń ka ọdún ní tiwọn. Ní oṣù Kọkànlá, nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí ọmọ pé ọdún méje, wọ́n kó àwo oúnjẹ alẹ́ kúrò nílẹ̀, wọ́n ní, “Oṣù Kẹjọ tó ń bọ̀ la ó lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í múra.”

Kò sí ẹni tó béèrè ìdí tó fi jẹ́ oṣù Kẹjọ. Oṣù Kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí Arugbá ń ru igbá lọ sí odò. Ọmọ Ọ̀ṣun tó wà lájò lè gbàgbé ọjọ́ ìbí ara rẹ̀, kò ní gbàgbé oṣù yẹn. Ọmọ Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọjọ́ tí òun lè gbà kúrò níbi iṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti ka ohun tí àwọn aláṣẹ páàkì kọ nípa omi náà, tí ọkàn rẹ̀ sì wó.

Omi Yosemite kò mọ oṣù Òṣogbo. Orí akọ òkúta tí kò ní iyẹ̀pẹ̀ púpọ̀ ni odò rẹ̀ ti ń ṣàn wá, òjò dídì tó yọ́ lórí àwọn òkè ló sì ń fún un ní ọ̀pọ̀ omi rẹ̀. Ìgbà òtútù ni òjò dídì ń kó jọ. Nígbà tí oòrùn oṣù Karùn-ún bá mú un, omi a dé pẹ̀lú agbára, a máa hó láti orí àpáta, ìfọ́n rẹ̀ a sì máa rin ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Bí oṣù Kẹfà bá ti ń parí, ó ti ń tín-ín-rín. Ní oṣù Kẹjọ, ní ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti gbẹ. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ nígbà náà yóò rí àpáta, yóò rí ojú ibi tí omi ń gbà tó dúdú lára òkúta, kò ní rí omi.

Báwo ni ọmọ ṣe fẹ́ sọ fún ìyá tó ń bọ Ọ̀ṣun pé Ọ̀ṣun gbẹ? Kò ṣeé gbé sẹ́nu. Ó gbé e sínú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Níkẹyìn ó jókòó ti Ìyá, ó fi àwòrán méjì hàn wọ́n lórí fóònù, ọ̀kan ti oṣù Karùn-ún, ọ̀kan ti oṣù Kẹjọ, wọ́n yà á láti ojú kan náà. Kò sọ nǹkan kan. Ìyá wo tòsì, wọ́n wo tọ̀tún, wọ́n tún wo tòsì.

“Ibì kan náà ni?”

“Ibì kan náà ni, Màámi.”

Ìyá dá fóònù padà fún un. “Ó ti máa ń rìnrìn àjò nígbà yẹn nìyẹn. A kì í lọ kí èèyàn nígbà tí kò sí nílé. Ó di oṣù Karùn-ún.”

Ibi tó yẹ kí àwọn tó wà lájò dúró sí díẹ̀ nìyí. Wọ́n kò ṣàdédé mú oṣù Kẹjọ nílé. Òjò ti rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó dé, odò ti kún, iṣu tuntun ti wà lọ́jà, ọwọ́ ti dilẹ̀ díẹ̀ lóko. Ọjọ́ náà bá omi mu. Ẹni tó bá gbé ọjọ́ nìkan wá sí California, tó fi omi sílẹ̀ lọ́hùn-ún, èèpo ló gbé wá. Ó dára láti ṣe ọdún Òṣogbo nínú yàrá ní oṣù Kẹjọ. Wọ́n sì ń ṣe é nílé Ìyá lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ lọ bá omi kan ní ilé rẹ̀, ìgbà tirẹ̀ la ń wò.

Ọjọ́ wá ku. Nínú ilé náà ni arábìnrin kan wà tó wá láti Bahia, ọmọ Oxum ní Candomblé. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ti Oxum, ibi tí omi ti ń já láti òkè gan-an ni wọ́n sì máa ń wá a lọ, nítorí náà kò yé e ìdí tí wọ́n fi ń jiyàn. Ìyá ní tiwọn ń ka ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé, wọn kò ṣì í kà rí. Nọ́ọ̀sì ní ohun kan ṣoṣo láti sọ: ní ọjọ́ Àbámẹ́ta oṣù Karùn-ún, bí ọkọ̀ kò bá dé ní kùtùkùtù, àyè ìgbọ́kọ̀sí ti tán, ẹ̀yin náà á sì wà nínú ọkọ̀ títí ọ̀sán. Ọ̀sẹ̀ Ìyá bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní àárín oṣù. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe parí, ọmọ sì gba ìsinmi ọjọ́ kan ní ilé-ìwé. Arábìnrin Bahia ní òun yóò ṣe ti òun ní Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, nínú ilé, kó má bàa di pé òun kò kí Ìyá òun.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni ibi tí wọ́n máa dé.

Nígbà tí Ìyá wà lọ́mọdé, wọ́n ti gun omi Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà dé òkè pátápátá. Ìpele méje ni Olúmirin ní. Ẹni tó bá ti lọ mọ̀ pé ìpele kìíní ni ọ̀pọ̀ àlejò ń dúró sí, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á padà. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn gbó ló ń di gbòǹgbò àti òkúta mú lọ sókè. Láti ìgbà náà ló ti wà lọ́kàn Ìyá pé ẹni tó dúró nísàlẹ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ omi. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tó gun orí omi Yosemite, wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ, ọmọ náà sì ń bá wọn lọ.

Ọmọ wọn kò bá wọn jiyàn. Ó mú ìwé, ó kọ bí ọ̀nà náà ṣe rí, ó sì kà á fún wọn. Ìtòsí ibi àgọ́ tí wọ́n ń pè ní Camp 4 ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Conway ló la ọ̀nà náà láàárín ọdún 1873 sí 1877. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ máìlì 7.2, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 11.6. Gígùn nìkan kọ́ ló ń dáni lágara. Ọ̀nà náà ń gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà 2,700, ó sì ń gba wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ le. Ní máìlì kìíní, títí dé àpáta tí wọ́n ń pè ní Columbia Rock, ọ̀nà yóò ti yí kọ́lọkọ̀lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, yóò sì ti gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000. Ìhà gúúsù ló kọjú sí, oòrùn kì í kúrò lórí rẹ̀. Kò sí omi ẹ̀rọ lójú ọ̀nà. Ní òkè lọ́hùn-ún, odò ń ṣàn lórí òkúta tó ti dán bí àwo, omi rẹ̀ tutù, ó sì lè dà bí omi tí ọmọdé lè ti ẹsẹ̀ bọ̀, bẹ́ẹ̀ ìṣísẹ̀ mélòó kan síwájú ni ó ti já sí òfuurufú. Àwọn èèyàn ti kú síbẹ̀. Àwọn kan fẹ́ fọ ojú ni, àwọn kan fẹ́ ya fọ́tò.

Ìyá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. “Wákàtí mẹ́jọ kì í pa èèyàn.”

Orúnkún wọn ọ̀tún ló ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀kan, dókítà sì ti sọ fún wọn pé sísọ̀ kalẹ̀ ni yóò máa pa á lára ju gígùn lọ. Ọmọ ilé kan, ọkùnrin Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti gbé Ọ̀ṣun fún ní Òṣogbo, tí agbára kún ara rẹ̀, ní òun yóò pọn Ìyá. Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ìyá ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Bí ìwọ bá wá ṣubú, ta ni yóò pọn àwa méjèèjì?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá kò yí ohùn padà, ọmọ wọn kò ra nǹkan kan.

Kì í ṣe orúnkún ló yanjú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ni ọmọ Ìyá ní, “Màámi, kí lẹ sọ fún Ọ̀ṣun gan-an lóru ọjọ́ yẹn? Mo wà lórí àtẹ̀gùn, mo gbọ́. Ẹ ní, ‘N ó gbé e wá sí ẹsẹ̀ rẹ.’ Ẹsẹ̀ lẹ pè, Màámi. Ẹ ò pe orí.”

Ìyá dákẹ́ títí. Wọ́n wo ojúbọ, wọ́n wo ọmọ wọn. “Ṣé agbẹjọ́rò ni mo bí ni?”

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ òrìṣà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu jáde kò ṣeé fi ọwọ́ tún ṣe. Ohun tí a bá jẹ́ lẹ́jẹ̀ẹ́ ni a ń san; ẹni tó bá fi kún un lẹ́yìn náà, ìgbéraga lè wà níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá da obì, wọ́n béèrè bóyá ẹsẹ̀ omi tó. Obì yàn. Wọ́n tún béèrè bóyá kí àwọn tí ara wọn le gòkè lọ kí òkè fún wọn. Obì yàn níbẹ̀ náà. Ohun tí wọ́n sọ nìkan ni pé, “Ẹ ó ṣáà mú ọ̀pá mi dání lọ, kí ó dé ibi tí mi ò dé.”

Láti ìgbà náà ni ìmúrasílẹ̀ ti lọ geere. Ọ̀nà tó lọ sí ìpele ìsàlẹ̀ jẹ́ máìlì kan péré lọ-bọ̀, wọ́n ti da ọ̀dà sí i, kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn tilẹ̀ lè gba apá ìlà-oòrùn rẹ̀ kọjá. Afárá kan wà níwájú omi níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, ìfọ́n omi ń bò ó, ẹni tó bá dúró níbẹ̀ yóò rin gbingbin. Èyí dùn mọ́ ọmọ Ìyá nínú ju ohun gbogbo lọ, nítorí kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti fo irin ìdènà tàbí gun orí àwọn òkúta tó ń yọ̀ kí omi lè kan òun. Omi ló ń wá bá èèyàn. (Ní òru òṣùpá àrànmọ́jú láàárín oṣù Kẹrin sí Kẹfà, òṣùmàrè a máa yọ nínú ìfọ́n yẹn. Ìyá fẹ́ gbọ́ síwájú sí i nípa ìyẹn. Ọmọ wọn ní ẹ̀jẹ́ mìíràn ni kí wọ́n jẹ́ fún un.)

Kí ni wọ́n máa gbé lọ? Níbí ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣàṣìṣe. Páàkì ìjọba àpapọ̀ ni Yosemite. Ohun tí a bá gbé wọlé, a ní láti gbé e jáde, ohun tó bá sì wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò wà. Kò sí adìyẹ. Kò sí àbẹ́là lẹ́bàá omi. Aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ igi, owó ẹyọ tí wọ́n ń fọ́n sínú ibú, kò sí ọ̀kan nínú wọn. Oyin ló wá fa àríyànjiyàn, nítorí Ọ̀ṣun láìsí oyin kò tíì yé ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Béárì wà ní Yosemite. Imú béárì mú ju ti ajá lọ, bó bá sì ti mọ̀ pé oúnjẹ èèyàn ń bẹ níbì kan, kì í gbàgbé. Béárì tó bá ti di alágbe bẹ́ẹ̀, pípa ni àwọn olùṣọ́ páàkì sábà máa ń pa á níkẹyìn. Ẹni tó da ìgò oyin kan sórí òkúta fún Ọ̀ṣun lè ti pa ẹranko kan láìmọ̀. Ìyá gbọ́ èyí, wọ́n sì mú oyin kúrò lọ́wọ́ odò, wọ́n gbé e sí ẹnu ọmọ. Ọmọ ni yóò tọ́ ọ wò níwájú omi, gbogbo wọn yóò sì tọ́ ọ wò tẹ̀lé e, kí wọ́n tó dé ìgò náà pinpin. Ẹ̀kọ, ẹ̀fọ́ yánrin àti mọ́ínmọ́ín, wọn yóò bọ Ọ̀ṣun fún wọn nílé ní ìdájí, wọn yóò gbé ìyókù lọ, wọn yóò sì jẹ ẹ́ tán. Nílé náà, ta ló ń jẹ oúnjẹ òrìṣà bí kò ṣe àwọn ọmọ rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ọta ni ó dun ọmọkùnrin tó fẹ́ pọn Ìyá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dárúkọ Yosemite ló ti ń ro òkúta kan tí yóò ṣà lẹ́bàá omi náà wá sí ojúbọ tirẹ̀. Òfin kò gbà kí èèyàn kó òkúta, ìyẹ́ tàbí ewé kúrò níbẹ̀. Ó ní òkúta kékeré kan ṣoṣo, ta ni yóò mọ̀? Ìyá kò bá a sọ̀rọ̀ òfin. Wọ́n bi í léèrè bóyá ó máa ń wọ ilé àgbà kan kí i, kí ó sì fi nǹkan sínú àpò nígbà tó bá ń jáde. Kò dáhùn. Kò sì dárúkọ òkúta mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò dùn fún bíi ọjọ́ méjì.

Ọ̀rọ̀ wíwọ ilé ẹni yìí ló mú kí nọ́ọ̀sì lọ wá mọ̀ ẹni tó ni ilé gan-an. Àwọn Ahwahneechee ló ń gbé àfonífojì náà kí àwọn òyìnbó tó dé, Cholock ni wọ́n ń pe omi náà. Nínú ìtàn wọn, àwọn ẹ̀mí obìnrin tí wọ́n ń pè ní Poloti ló ń gbé inú ibú tó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀: obìnrin kan lọ pọnmi, ejò ni ó ń bá nínú ohun ìpọnmi rẹ̀. Ìyá gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n kígbe. “Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó dé.” Wọ́n sì yí sí ọmọ: kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ bọ ibú yẹn, ó ní àwọn tó ni ín.

Ní ọdún 1851, ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan láti Mariposa wọ àfonífojì náà, wọ́n lé àwọn onílẹ̀, wọ́n sun ilé àti oúnjẹ tí wọ́n fi pamọ́. Ní 1864 ni Ààrẹ Lincoln fọwọ́ sí ìwé tó fi ilẹ̀ náà sábẹ́ ààbò, ní 1890 ni wọ́n dá páàkì orílẹ̀-èdè Yosemite sílẹ̀. Àwọn onílẹ̀ kan padà wá, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń gbé níbẹ̀, títí ìjọba fi wó èyí tó kù nínú ilé abúlé wọn ní 1969. Wahhoga ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn Camp 4 ló wà, nítòsí ibi tí ọ̀nà òkè ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn sì ti ń tún ilé ìpàdé wọn kọ́ síbẹ̀. Àwọn tí ogun àti ọkọ̀ ẹrú gbé òrìṣà wọn rékọjá òkun kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ìyá ní ìbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ náà yóò jẹ́ ti àwọn onílẹ̀, pẹ̀lú omi tútù àti ẹnu, láti ojú ọ̀nà, láìwọ àgbàlá wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò tó pe Ọ̀ṣun.

Ìyókù jẹ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì ṣe é bí ẹni ń gba iṣẹ́ alẹ́. Ọkọ̀ méjì. Ó wò ó bóyá ọdún yẹn jẹ́ ọdún tí wọ́n ń ní kí èèyàn gba àyè sílẹ̀ kí ó tó wọ páàkì, nítorí ọdún kan kì í jọ èkejì. Epo kún táńkì kí wọ́n tó gun òkè. Ó ya àwòrán ọ̀nà sórí ìwé, nítorí fóònù kì í gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀. Lítà omi mẹ́rin fún ẹnìkọ̀ọ̀kan tó ń gòkè, àti asẹ́ omi kékeré kan, torí kòkòrò inú odò lè ba inú èèyàn jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìyá fẹ́ kí ọmọ mu omi Ọ̀ṣun níbẹ̀. Ó ní yóò mu ún, inú asẹ́ ni yóò gbà kọjá. Ìyá kọ́kọ́ fajú ro. “Ọ̀ṣun ló dá mi lọ́nà nọ́ọ̀sì, Màámi,” ni ó dá wọn lóhùn, ìyẹn náà sì parí.

Ohun tó kọ ní lẹ́tà ńlá ní òkè ìwé ni aago méjì ọ̀sán. Níbikíbi tí àwọn tó ń gòkè bá dé ní aago méjì, wọn yóò yí padà, ìbáà ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ó mú kí ọmọkùnrin náà àti arábìnrin Bahia fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ níwájú Ìyá.

Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n jáde ní Oakland. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, wọ́n ti kí àwọn onílẹ̀, wọ́n sì wà lórí afárá. Ìyá kò lè gbọ́ ohùn ara wọn nítorí ariwo omi. Ààjà kò dún sétí ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé ọmọ síwájú wọn, wọ́n di èjìká rẹ̀ mú, ìfọ́n omi bo àwọn méjèèjì títí gèlè Ìyá fi wó, ọmọ sì ń pariwo pé ó tutù, ó tutù! Ohun tí Ìyá bá Ọ̀ṣun sọ, àwọn méjèèjì ló mọ̀ ọ́n. Ìyá ọmọ náà dúró lẹ́yìn, ìgò oyin wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sunkún, omi sì jẹ́ kó rọrùn fún un torí kò sí ẹni tó lè mọ̀.

Aago mẹ́wàá ni àwọn méjì tó ń gòkè kúrò ní Camp 4 pẹ̀lú ọ̀pá Ìyá. Columbia Rock gba wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn ibẹ̀, ọ̀nà sọ̀ díẹ̀, ó yí, ìpele òkè sì yọ sí wọn lójijì. Ọmọkùnrin náà jókòó sílẹ̀, kò lè dìde fún ìgbà díẹ̀. Oòrùn mú. Ní aago méjì, àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ sọ fún wọn pé kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ mọ́. Ó wo òkè, ó wo arábìnrin Bahia, ẹni tó ti ń so okùn bàtà rẹ̀ fún sísọ̀. Wọ́n gbé ọ̀pá náà ti òkúta kan lójú ibi tí omi ti hàn, wọ́n kí Yèyé, wọ́n sì mú un padà.

Abẹ́ igi ni Ìyá wà, ẹsẹ̀ wọn wà lórí àga, ọmọ sùn sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Wọ́n gba ọ̀pá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

“Ẹ dé òkè?”

“Rárá, Ìyá. Aago méjì lù.”

“Ó dáa,” ni Ìyá wí, wọ́n sì ṣí abọ́ mọ́ínmọ́ín. “Ẹ fọwọ́, kí ẹ jẹun.”